Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ìdíje oúnjẹ sísè lórí tẹlifíṣọ̀n àti iṣẹ́ ilé oúnjẹ

Ṣé ẹni tó borí nínú ìdíje lórí tẹlifíṣọ̀n lè ṣiṣẹ́ nílé oúnjẹ ńlá? Ó ṣeé ṣe, àmọ́ iṣẹ́ méjèèjì yàtọ̀.

📺 Lórí tẹlifíṣọ̀n: Nínú Iron Chef, tó bẹ̀rẹ̀ ní Japan lọ́dún 1993, wọ́n á fi èròjà kan tí wọ́n ti fi pa mọ́ hàn, àwọn alásè á sì fi wákàtí kan gbé oríṣiríṣi oúnjẹ jáde fún àwọn adájọ́ díẹ̀. Àrà tuntun ni wọ́n ń wá.

🍳 Nílé oúnjẹ: Kí oníbàárà àkọ́kọ́ tó jókòó, wọ́n ti gé àlùbọ́sà, wọ́n ti se omi ẹran, wọ́n ti ha ìpẹ́ ẹja. Ètò Auguste Escoffier, alásè ará Faransé, ni ọ̀pọ̀ ṣì ń tẹ̀ lé: ẹnì kan ń bójú tó ọbẹ̀, ẹlòmíràn ẹran, ẹlòmíràn nǹkan dídùn. Àwo ìkẹyìn lálẹ́ gbọ́dọ̀ dùn bíi ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́, bó sì ṣe máa rí lọ́la nìyẹn.

🧽 Ìkòkò fífọ̀ ńkọ́? Kámẹ́rà kì í sábà dé ibẹ̀.

Ẹ̀yin alásè, èwo ló le jù?