Ìṣirò Ìwọ̀n Omi Tí Ó Ń Gba Inú Páìpù Kọjá: Àṣìṣe Kan Nínú Ìkọ́ni

Ìfáàrà

Nígbà tí a ń ṣe àbẹ̀wò sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó wà lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, a jókòó sẹ́yìn kíláàsì kan. Olùkọ́ ọ̀dọ́ náà kọ ọ́ sójú pátákó pé bí páìpù kan bá fẹ̀ tó ìlọ́po méjì èkejì, omi tí yóò gba inú rẹ̀ kọjá yóò jẹ́ ìlọ́po méjì. Ọmọ kan nàró, ó ní wọ́n pààrọ̀ páìpù nílé àwọn, omi tí ó sì ń jáde ju ìlọ́po méjì lọ dáadáa. Olùkọ́ ní kí ó jókòó. Ọmọ náà ni ó jàre, iṣẹ́ yìí yóò sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Garawa àti aago

Ohun tí a ń wá ni iye omi tí ó kọjá láàrin àkókò kan. A ó pè é ní òṣùwọ̀n ìṣàn, a ó sì fi Q dúró fún un. Bí garawa tí ó gba lítà 20 bá kún láàrin ìṣẹ́jú àáyá 40, Q jẹ́ ìdajì lítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí í ṣe lítà 1,800 ní wákàtí kan. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí apá rẹ̀ kò ká èyí.

Ojú ihò àti ìyára

Ìlànà tí a ń lò ni Q = A × v. A ni fífẹ̀ ojú ihò páìpù. V ni ìyára omi. Ká ní ìdábùú inú páìpù wa jẹ́ sẹ́ǹtímítà 2. Ìdajì ìdábùú náà jẹ́ 1, nítorí náà A = 3.14 × 1 × 1 = 3.14 cm². Ìdajì lítà jẹ́ 500 cm³. Bí a bá fi 3.14 pín in, a ó rí i pé omi ń sáré tó sẹ́ǹtímítà 159 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Bí ìdábùú bá wá di sẹ́ǹtímítà 4, A = 3.14 × 2 × 2 = 12.56 cm². Ìlọ́po mẹ́rin ni èyí. Bí ìyára kò bá yí padà, garawa yóò kún láàrin ìṣẹ́jú àáyá 10. Ibi tí olùkọ́ wa ti ṣìnà nìyí: ó gbàgbé pé ìdajì ìdábùú ni a ń fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. (Kí a kíyè sí i pé inú páìpù ni a ń wọ̀n; ìwọ̀n tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀pọ̀ páìpù oníke jẹ́ ti ẹ̀yìn rẹ̀. Omi sì gbọ́dọ̀ kún inú páìpù náà.)

Bí ìyára bá yí padà

Ṣùgbọ́n ìyára kì í dúró sójú kan. Ògiri páìpù a máa fa omi sẹ́yìn, páìpù tóóró ni èyí sì máa ń ni lára jù. Gotthilf Hagen ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1839, àti Poiseuille, oníṣègùn ilẹ̀ Faransé tí ó ń wádìí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú àwọn iṣan tíntìntín, ni wọ́n ṣàwárí pé bí ipá tí ó ń ti omi àti gígùn páìpù kò bá yí padà, ìdábùú onílọ́po méjì yóò mú Q di ìlọ́po 2 × 2 × 2 × 2, èyí tí í ṣe 16. Bí ihò iṣan ẹ̀jẹ̀ bá sì fún di ìdajì, ìdá kan nínú 16 péré ni yóò máa kọjá.

Àwọn olùkọ́ kan a máa gbé 16 yìí wá sí ìdí omi ẹ̀rọ. A kò fara mọ́ ọn. Ìṣàn jẹ́jẹ́ nìkan ni òfin náà wà fún. Ní ọdún 1883, Osborne Reynolds da aró sínú omi tí ń gba inú ọ̀pá gíláàsì kọjá. Nígbà tí omi rọra ń lọ, aró náà tọ́ bí òwú. Nígbà tí eré pọ̀, ó fọ́n káàkiri. Láti mọ èyí tí a ní, a ó fi ìdábùú sọ ìyára di púpọ̀, a ó sì fi òṣùwọ̀n kíki omi, nǹkan bí 0.01, pín in: 159 × 2 ÷ 0.01 = 31,800. Bí ó bá dín sí nǹkan bí 2,000, ìṣàn jẹ́jẹ́ ni; bí ó bá ju 4,000 lọ, ìṣàn rúdurùdu ni. Omi ẹ̀rọ wa ti kọjá ààlà náà tipẹ́. Nínú irú ìṣàn yìí, bí ipá kò bá yí padà, ìdábùú onílọ́po méjì yóò mú omi wá tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ bi ọmọ náà ni pé: kí ni kò yí padà? Bí tánkì ilé wọn bá wà níbi gíga tí ó wà tẹ́lẹ̀, tí páìpù tuntun náà sì fẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti àtijọ́, mẹ́fà ni yóò sún mọ́ òótọ́ jù, bí wọ́n bá pààrọ̀ páìpù náà láti ìdí tánkì títí dé ẹnu ẹ̀rọ. Bí apá kan páìpù tóóró àtijọ́ bá ṣẹ́ kù láàrin, iye náà yóò wálẹ̀.