Ọkọ́, Ọkọ̀, àti Bàbá Tó Ń Kúrò ní Awo

Lẹ́tà mẹ́ta péré ló wà lára pátákó tó wà lójú ọ̀nà: A, W, O. Kò sí àmì kankan lórí wọn. Àlejò tó gbọ́ Yorùbá, tí kò sì dé ìlú yìí rí, lè kà á sí àwo tí a fi ń jẹun. Ó lè kà á sí awò ojú, tàbí awó, ìyẹn ẹyẹ ẹtù. Ọmọ Awo ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ dúró kà á. Ó ti mọ̀ pé òun délé. Awo yìí ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dọ̀rẹ́, inú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà sì ni Ara wà: ara, ará, àrá, àrà, gbogbo rẹ̀ ni pátákó wọn lè jẹ́ lójú ẹni tí kò mọ̀lú. Ká má tíì wá sọ ti Ẹdẹ, tí ẹni tó bá fi ìkánjú tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù lè sọ di edé inú ọbẹ̀ tàbí èdè ẹnu.

Àròkọ kan tí mo gbà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ nírọ̀lẹ́ ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ náà fẹ́ sọ pé bàbá òun ń gbé ní Awo. Ohun tó kọ ni "My father leaves in Awo." Bàbá tó jókòó jẹ́jẹ́ sílé rẹ̀, ọmọ ti lé e kúrò nílùú. Nísàlẹ̀ ojú ewé kan náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba "first price" níbi eré sísá, òun náà sì ń bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé "borrow me your biro." Mo mú bírò pupa, mo tún gbé e sílẹ̀. Ọmọ yìí kan náà ni ìyá rẹ̀ lè rán lọ gbé ọkọ́ wá lẹ́yìn ilé, tí kò ní lọ dúró ti ọkọ̀ létí títì, tí kò sì ní lọ jí ọkọ ìyá rẹ̀ lójú oorun. Etí rẹ̀ mú bí abẹ. Kí ló wá dé tí etí náà kú nígbà tó dé inú Gẹ̀ẹ́sì?

Etí rẹ̀ kò kú. Àwọn èdè méjèèjì ni kò tọ́jú ìyàtọ̀ síbì kan náà. Tiwa, ẹnu ló ń tọ́jú rẹ̀, ìwé tí a kò fi àmì sí ló ń da ọ̀rọ̀ pọ̀. Ti Gẹ̀ẹ́sì, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnu ti gbàgbé, ìwé ló ṣì ń rántí. Ẹni tó bá dijú gbọ́ "there" àti "their", ì báà jẹ́ Òyìnbó pọ́ńbélé, kò lè fi etí yà wọ́n. "Night" àti "knight" náà rèé. Ìyàtọ̀ wà lẹ́nu àwọn baba ńlá wọn rí: wọ́n ń pe k tó ṣíwájú "knight" ketekete, ọ̀fun ni wọ́n sì fi ń pe gh àárín àwọn méjèèjì. Ní 1476 ni William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé Westminster. Láti ìgbà náà ni bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ti ń dúró sójú kan díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu kò bá a dúró. Tiwa kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní 1843 ni Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde, ní 1875 sì ni àwọn ìjọ CMS ṣe ìpàdé l'Ékòó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè náà sílẹ̀. Nítorí náà, bí a ti ń pè é la ṣì ń kọ ọ́, bí a bá fi àmì sí i. (Bí a bá fi àmì sí i, mo wí.) Ọmọ tó tinú irú ilé bẹ́ẹ̀ jáde, tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ, ohun tí ilé kọ́ ọ ló ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ bàbá tó ń kúrò nílùú. Í kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu wa ni ọmọ fi ń pe "live" àti "leave", Gẹ̀ẹ́sì sì ní méjì. Àwọn olùkọ́ máa ń sọ pé ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú. Kò burú. Ọmọ tó ń mu tíì láàárọ̀ mọ í gígùn, kó fa ti "leave" bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gígùn nìkan kọ́. Nínú "live", àgbọ̀n máa ń dẹ̀, ahọ́n á wálẹ̀ díẹ̀, ohùn náà á máa lọ bí ẹni ń lọ sọ́dọ̀ e, láì dé ọ̀hún.

Ti "price" àti "prize" yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. A kò ní z, s la fi ń rọ́pò rẹ̀, nítorí náà ẹ̀bùn ti di iye owó lẹ́nu ọmọ kó tó di bẹ́ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀. "Advice" àti "advise" kó sínú ọ̀fìn kan náà. Mo ní kí ọmọ náà fi ìka méjì kan ọ̀fun, kó sọ s, kó fà á gùn. Ìka kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní kó má gbé ahọ́n kúrò níbi tó wà, kó kàn máa kùn bí oyin.

"Sà, ó ń gbọ̀n!"

Ó ti mọ ọgbọ́n yìí kó tó mọ ìwé. Ohun tó ya tà sọ́tọ̀ lára dà lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré náà nìyẹn, kò kàn tíì rò pé ó lè ṣẹlẹ̀ sí s ni.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni "borrow me your biro." Ohun tí a sábà máa ń ṣe ni pé ká fa ìlà pupa sí i, ká kọ "lend" sórí rẹ̀, ká kọjá. Ọmọ kò mọ ìdí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ó tún kọ ọ́. Kí nìdí? Yá ni. "Yá mi ní bírò rẹ." "Mo yá bírò lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi." Ẹni tó fúnni yá, ẹni tó gbà náà yá. Òyìnbó tó ń wò wá lókèèrè lè rò pé Yorùbá kò mọ olówó yàtọ̀ sí ajigbèsè. Kó wá sọ́jà Awo kó wá wò ó bóyá ẹnì kan gbàgbé ẹni tó jẹ ẹ́ lówó! Ìyàtọ̀ náà wà níbẹ̀ digbí, àmọ́ kò sí nínú yá fúnra rẹ̀. Inú ní àti lọ́wọ́ la fi í pa mọ́ sí. Bí gbólóhùn bá ti ní "yá mi ní," "lend" ni. Bó bá ti ní "yá lọ́wọ́," "borrow" ni, lọ́wọ́ yẹn gan-an ni "from" tí wọ́n ń wá. Ọmọ tí mo ṣí èyí hàn kò ṣì í mọ́. Òun ló tilẹ̀ kọ́kọ́ kíyè sí i pé bẹ́ẹ̀ ni kọ́ náà rí: "ó kọ́ mi ní ìṣirò" ni "teach," "mo kọ́ ìṣirò lọ́wọ́ rẹ̀" ni "learn." Mi ò ronú kan ìyẹn tẹ́lẹ̀.

Ẹ sì wo nǹkan mìíràn. Láti ìgbà tí mo ti ń wo ìwé àwọn ọmọ, mi ò tíì rí ẹni tó fi "buy" pe "sell." Rà lọ́tọ̀, tà lọ́tọ̀ nílé. Ibi tí ilé bá ti la ọ̀rọ̀ sí méjì, ọmọ kì í kọsẹ̀ níbẹ̀. Ibi tí ilé ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣe iṣẹ́ méjì ló ti ń ṣubú. Nítorí pé a ń gbọ́ ohùn, a ń gbọ́ òórùn, a sì ń gbọ́ èdè, ọmọ á sọ pé òun "hear" òórùn ọbẹ̀. Olùkọ́ tó bá mọ Yorùbá dáadáa lè jókòó sílé kó kọ gbogbo ibi tí ọmọ yóò ti ṣubú sílẹ̀ kí sáà tó wọlé.

Àwọn onílù ti bá ìṣòro yìí jìjàkadì ṣáájú wa. Tìmì Ẹdẹ, Adétòyèsè Láoyè, tó gorí ìtẹ́ ní 1946, jẹ́ ọba tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún, tó sì tún kọ̀wé nípa ìlù Yorùbá. Ìlù kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ̀lì, ohùn nìkan ló ní. Re mí ni ilé lórí dùndún. Re mí ni ọkọ́, re mí ni igbá, re mí ni ọtí. Báwo la ṣe wá ń mọ èyí tó ń wí? Onílù kì í fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní òun nìkan. Ó máa ń fi gbólóhùn yí i ká títí yóò fi dájú pé ọkọ́ ti oko ni òun ń wí, kì í ṣe ọtí.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ràn àwọn ìwé tó ń to "affect" sápá kan, "effect" sápá kejì, bí ẹni ń to àwọn tí wọ́n jọ fẹ́ jà. Ọmọ á kọ́ wọn lọ́jọ́ kan náà, á sì pa wọ́n pọ̀ títí ayé. Tèmi ni pé kí "the rain affected our yams" wọlé lónìí pẹ̀lú ìtàn òjò tó ba iṣu jẹ́. Ó di ọ̀sẹ̀ méjì sí i kí "the effect of the rain" tó yọjú, pẹ̀lú "the" tó máa ń mú lọ́wọ́ wá. Owó kékeré kọ́ ni àṣìṣe wọ̀nyí ń ná ọmọ. Nínú àròkọ WAEC, máàkì 10 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún kíkọ ọ̀rọ̀ bó ṣe tọ́, àṣìṣe kọ̀ọ̀kan sì ń jẹ ààbọ̀ máàkì.

Ẹnì kan lè ní ṣé kò ní dára ká gbàgbé Yorùbá, ká kúkú dojú kọ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ti dán ìdàkejì rẹ̀ wò ní ìpínlẹ̀ yìí kan náà. Ní 1970, Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ kó àwọn ọmọ kíláàsì kìíní kan jọ ní St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́, wọ́n sì fi Yorùbá kọ́ wọn ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ní olùkọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba gbogbo èèyàn. Síbẹ̀, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà èdè abínibí jáde ní 2022, wọ́n sì wọ́gi lé e ní 2025. Ó dà bíi pé kò sẹ́ni tó ka ìwé Mọdákẹ́kẹ́.

Kí ọmọ má baà rò pé orí òun nìkan ni kò pé, mo máa ń yí i padà fún wọn. A ń wọ bùbá, a ń ró ìró, a ń wé gèlè, a ń dé fìlà. "Wear" ni Òyìnbó ń pe gbogbo rẹ̀. Ẹ ronú Òyìnbó tó dé Awo lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tó ní òun fẹ́ wọ gèlè. Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi dùbúlẹ̀ sórí tábìlì. Lẹ́yìn ẹ̀rín yẹn, "their" àti "there" kì í fi bẹ́ẹ̀ bà wọ́n lẹ́rù mọ́.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ tó lé bàbá rẹ̀ kúrò nílùú ń kàwé sí mi létí. Ó dé "I read it yesterday," ó sì pe "read" bí ẹni ń sọ ti ọ̀la. Mo tún un pè fún un. Ó wo ìwé, ó wo ojú mi.

"Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan náà ni, Sà. Kí ló dé tí wọn ò fi àmì sí i?"

Mo ní kó wo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, "yesterday" ló máa sọ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Ó wá dà bíi pátákó Awo."