Òfin kò ka ilẹ̀dú sí owó

Gbogbo wa la ní ọ̀rẹ́ kan tó ń ta ilẹ̀. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, apá Ẹ̀pẹ́ ló ń polówó, ó sì ti ń sún mọ́ Ejìnrìn, ìlú etí ọ̀sà tí àwọn oníṣòwò Èkó máa ń wa ọkọ̀ ojú omi lọ sí ọjà rẹ̀ kí ọ̀nà títì tó dé. Wọ́n á ní omi kì í yọ níbẹ̀, wọ́n á ní ìwé rẹ̀ pé. Kò sẹ́ni tó ń sọ bí erùpẹ̀ rẹ̀ ṣe rí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká sọ̀rọ̀ Rattan Lal. Ọdún 1944 ni wọ́n bí i ní Punjab, níbi tó ti di Pakistan báyìí. Nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀ náà sí méjì, ìdílé rẹ̀ sá lọ sí Haryana ní Íńdíà, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ oko níbẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ pátápátá. Ó kàwé nípa ọ̀gbìn àti erùpẹ̀ títí tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Ohio lọ́dún 1968. Lọ́dún 1970, ó dé IITA n'Íbàdàn, ibẹ̀ ló sì wà títí di 1987. Ọdún 17!

Kí oúnjẹ lè pọ̀ ni wọ́n ṣe gbà á. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń pa igbó, bẹ́ẹ̀ ni òjò ń gbé ilẹ̀ lọ. Ó wá la oko ìdánwò sórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ oríṣi mẹ́rin, látorí èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú dórí èyí tó da gan-an, ó ń gbe àgbàrá, ó ń wọn erùpẹ̀ tó bá a lọ. Níbi tí wọ́n bá ti fi pòròpórò àti koríko bo ilẹ̀, tí wọn ò sì tú u, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan gbé. Níbi tí katakata bá ti ha ilẹ̀ sí gbangba, kì í pẹ́ tí ilẹ̀ fi ń ṣá. Àwọn bàbá wa á ní àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, wọn ò sì parọ́: ṣebí wọ́n máa ń fi oko sílẹ̀ kó sinmi. Wọn ò kàn wọ̀n ọ́n ni.

Lọ́dún 1982, àlejò kan dé: Roger Revelle, ará Amẹ́ríkà tí òun àti Hans Suess ti kọ̀wé lọ́dún 1957 pé òkun kò lè tètè gbé gbogbo èéfín tí à ń tú sáfẹ́fẹ́ mì. Lal fi hàn án bí ọ̀rá ilẹ̀ ṣe ń dín kù. Revelle bi í pé níbo ni kábọ́ọ̀nù yẹn wá lọ? Afẹ́fẹ́ ló lọ, níbi tó ti ń mú ayé gbóná. Ṣé a lè dá a padà sínú ilẹ̀? Ìbéèrè yẹn, n'Íbàdàn níbí o, ló sọ onímọ̀ ọ̀gbìn di onímọ̀ ojú-ọjọ́. Kábọ́ọ̀nù tó wà nínú ilẹ̀ ju ti afẹ́fẹ́ àti ti gbogbo ewéko ayé papọ̀ lọ. Lọ́dún 2020, wọ́n fún Lal ní World Food Prize, 250,000 dọ́là. Ó fi owó náà ta ìwádìí lọ́rẹ.

Ẹ wá wo òfin wa. Ìmọ̀ òfin ni mo kà ní yunifásítì, síbẹ̀ Land Use Act ọdún 1978 ṣì ń yà mí lẹ́nu. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ Ejìnrìn, apá 29 ní kí wọ́n sanwó ilé tó kọ́, owó ohun tó gbìn, àti owó ilẹ̀ tó san lọ́dún yẹn, bó bá tiẹ̀ san án. Àtúnṣe tó ṣe sí ilẹ̀ ńkọ́? Apá 51 ka kànga, ọgbà yíká àti igi tó ń pẹ́ mọ́ àtúnṣe, ó wá yọ ohun tí iṣẹ́ oko lásán bá mú wá kúrò, àfi irè tó ń hù lọ́wọ́. Ká ní ìyá kan fi ọdún 15 kọ̀ láti dáná sungbó, tó ń kó ewé bo ìdí ẹ̀gẹ́ rẹ̀, tí aládùúgbò rẹ̀ sì ń sun tirẹ̀ lọ́dọọdún. Bí ẹ̀gẹ́ wọn bá ti dọ́gba lọ́jọ́ tí ìjọba dé, iye kan náà ni wọ́n máa gbà. Orílẹ̀-èdè tó ní òfin àyípadà ojú-ọjọ́ láti ọdún 2021 nìyẹn o.

Àtitún òfin ilẹ̀ yìí ṣe kì í ṣe kékeré: apá 315 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti dè é mọ́lẹ̀, àfi kí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin Àbújá àti ti àwọn ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí i. Àmọ́ iye tí wọ́n máa san lórí ohun ọ̀gbìn, ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ló wà. Èkó lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́la. Ẹ̀yin tí ìdílé yín sì fẹ́ tàlẹ̀ fúnra wọn, kò sófin tó ní kẹ́ ẹ má ka ilẹ̀dú mọ́ owó. Ẹ bu erùpẹ̀ náà lọ fún àyẹ̀wò kẹ́ ẹ tó buwọ́ lùwé.