Awakọ̀ Rélùwéè Kò Lè Yà fún Mọ́tò

Ujevwu ni rélùwéè Warri sí Itakpe ti ń gbéra, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Udu. Ọdún 1987 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà náà, kí wọ́n lè máa fi kó òkúta tí wọ́n ń yọ irin nínú rẹ̀ wá sí ilé-iṣẹ́ irin Aladja. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020 ni Muhammadu Buhari, Ààrẹ ìgbà náà, tó ṣí i.

Lórí irú ọ̀nà rélùwéè bẹ́ẹ̀, bí jàm̀bá bá ṣẹlẹ̀ níbi tí títì ti dábùú irin, èrò inú mọ́tò ni gbogbo ayé ń dárò. Ta ló ń rántí awakọ̀ tó jókòó níwájú ọkọ̀ ojú irin? Òun ló ń wo mọ́tò náà lọ́ọ̀ọ́kán, kò sì sí ohun tó lè ṣe ju kó fun fèrè, kó tẹ bíréèkì. Irin ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀, orí irin ló ń yí; irin kì í di irin mú bí táyà ti ń di títì mú. Ọkọ̀ tó wúwo, tó sì ń sáré, lè rìn ju kìlómítà kan lọ lẹ́yìn bíréèkì kó tó dúró. Bó bá wá jẹ́ táńkà epo ló wà lójú irin ńkọ́? Ibi tí awakọ̀ jókòó sí ló máa kọ́kọ́ kàn án, iná sì lè tẹ̀lé e.

Ẹni tó ń ṣọ́ géètì níbi tí títì ti dábùú irin náà ń bẹ nínú ewu, nítorí ẹ̀gbẹ́ irin gan-an ló ń dúró sí láti dá mọ́tò dúró.

Irú jàm̀bá bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí: ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2023, bọ́ọ̀sì tó ń kó òṣìṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó àti ọkọ̀ ojú irin kọlu ara wọn ní PWD, Ṣógunlé. Èèyàn mẹ́fà kú, ọ̀pọ̀ fara pa. Nígbà tí Èkó ń ṣe rélùwéè Red Line tó ṣí lọ́dún 2024, ó kọ́ afárá sí Ìkẹjà, Múṣin, Yábàá àti Ọyíńgbò, kí mọ́tò lè gba òkè kọjá. Ìyẹn ló dájú jù, àmọ́ owó ńlá ló ń gbà.

Níbi tí kò bá sí afárá, ọwọ́ awakọ̀ mọ́tò ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀yin awakọ̀ Udu àti Warri, ẹ dúró kẹ́ ẹ tó dé irin, ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì. Bí mọ́tò iwájú yín kò bá tíì kúrò lọ́nà, ẹ má gorí irin. Bí mọ́tò bá sì kú síbẹ̀, ẹ kó èrò sọ̀kalẹ̀, ẹ jìnnà sí i, kẹ́ ẹ tètè ké sí òṣìṣẹ́ rélùwéè.