Ṣé O Mọ̀? Odò Tó Ń Gun Àtẹ̀gùn

Ṣé o mọ̀ pé ní Bingley, ìlú kékeré kan ní Yorkshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ ojú omi máa ń gòkè bí ẹni ń gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì? Àtẹ̀gùn márùn-ún ni, èkíní so mọ́ èkejì títí dé òkè, gíga gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ mítà 18. Ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 1774 ni wọ́n ṣí i. Èrò bí 30,000 ló wá wòran, ọkọ̀ àkọ́kọ́ sì là á já láàárín ìṣẹ́jú 28. Ó ti lé ní 250 ọdún báyìí, ọkọ̀ ṣì ń gbabẹ̀ kọjá.

Ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ odò tí àwọn ọkọ̀ yìí ń gbà, láti Leeds dé Liverpool, kìlómítà 204. Kì í ṣe irú gọ́tà ńlá tí ará Èkó ń pè ní kánáà o; odò tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ẹlẹ́rù ni. Ọdún 1770 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó di 1816 kí wọ́n tó parí rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ fọkọ́ kanlẹ̀ ti di ẹni ọdún 46 kí ọkọ̀ tó lè ti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Lọ́ọ̀kì, ìyẹn irú àtẹ̀gùn omi bẹ́ẹ̀, 91 ló wà lójú ọ̀nà. Èbúté Liverpool tó parí sí, ibẹ̀ náà ni epo pupa láti ilẹ̀ wa ń gúnlẹ̀ sí ní ọ̀rúndún 19, tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ.

Ṣé o mọ bí lọ́ọ̀kì ṣe ń ṣiṣẹ́? Yàrá òkúta ni, ó ní ilẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn. Ọkọ̀ á wọlé nísàlẹ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n á wá ṣí fèrèsé kékeré tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn iwájú. Omi òkè á ya wọlé, á máa gbé ọkọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bá omi iwájú dọ́gba. Kò sí ẹ́ńjìnnì, kò sí iná mànàmáná. Omi kúkú ń lọ sísàlẹ̀. Bó ṣe ń lọ ló ń gbé ọkọ̀ gòkè.

Ṣé o mọ̀ pé Ṣáínà ni irú rẹ̀ ti kọ́kọ́ jáde? Lọ́dún 984 ni Qiao Weiyue, òṣìṣẹ́ ìjọba, kọ́ ọ. Kó tó dìgbà náà, okùn ni wọ́n fi ń wọ́ ọkọ̀ ọkà gun ìdènà omi. Ọkọ̀ á fọ́, olè á sì kó ọkà lọ.

Ilẹ̀kùn lọ́ọ̀kì ńkọ́? Apá méjì ló ní, wọn kì í tò gbọọrọ bí ilẹ̀kùn ilé. Wọ́n máa ń forí kora bí òrùlé, ṣóńṣó wọn á kọjú sí omi òkè. Bí omi bá ṣe ń tì í tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa dì tó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Leonardo da Vinci, àgbà ayàwòrán ará Ítálì, ló dá ọgbọ́n yìí ní Milan, ní ìparí ọ̀rúndún 15.

Ibi tó wù mí jù nìyí, mo fẹ́ kó o fojú inú wò ó. Ìtì igi gbọọrọ kan yọ jáde lára ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan bí apá. Ẹ̀yìn lo máa fi ti ìtì náà, kì í ṣe ọwọ́. Bíríkì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, wọ́n tò ó bí ọrun kí bàtà rẹ má baà yọ̀. O tì í. Kò mì. O pe ẹni méjì sí i, kò mì. Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: ká ní ilẹ̀kùn náà fẹ̀ ní mítà 2, omi tó dúró tì í sì jìn ní mítà 3. Bí omi òkè bá fi sẹ̀ǹtímítà 10 péré, nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́, ga ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ẹrù bí kg 600 ló ń ti ilẹ̀kùn padà mọ́ ọ. Odindi akọ màlúù nìyẹn. Dúró. Fetí sílẹ̀. Omi tó ń hó lójú fèrèsé á rọlẹ̀, ojú odò á tẹ́ pẹrẹsẹ, ilẹ̀kùn á sún díẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹni tó mí kanlẹ̀. Wá fẹ̀yìn tì í wàyí. Igi ńlá yẹn á máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́; ọmọ ọdún mẹ́wàá lè tì í.

Ti Bingley tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ilẹ̀kùn òkè yàrá kan náà ni ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ èyí tó tẹ̀ lé e. Bí ọkọ̀ bá ń gòkè, yàrá ìsàlẹ̀ pátápátá ni kó ṣófo, kí mẹ́rin tó kù kún. Bó bá ń sọ̀kalẹ̀, ti òkè pátápátá nìkan ni kó kún. Ẹni tó bá dà á rú, omi á ya sójú ọ̀nà, tàbí kí ọkọ̀ rẹ̀ jókòó sórí ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí olùtọ́jú lọ́ọ̀kì fi máa ń dúró tì wọ́n níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé sísọ̀kalẹ̀ léwu ju gígòkè lọ? Òkúta kan fara pamọ́ sábẹ́ omi lẹ́yìn ọkọ̀, ó yọ síta bí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Bí ìdí ọkọ̀ bá gbé lé e nígbà tí omi ń fà, iwájú á máa lọ sísàlẹ̀, ìdí á há sókè, omi á wọlé, ọkọ̀ á rì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ojú ẹni tó wà nídìí fèrèsé kò gbọ́dọ̀ kúrò lára ọkọ̀. Irin tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́ tí wọ́n fi ń yí fèrèsé náà, má fi í sílẹ̀ síbẹ̀: bó bá já, á máa fò yí, ó sì lè ṣẹ́ni lọ́wọ́.

Láyé ijọ́un, ẹṣin kan ṣoṣo lè fa ẹrù tọ́ọ̀nù 30 lójú irú omi yẹn.

Nígbà tí wọ́n ṣí Bridgewater, odò àfọwọ́gbẹ́ mìíràn tó ń gbé èédú lọ sí Manchester, lọ́dún 1761, owó èédú níbẹ̀ já sí ìdajì.

Ihò Standedge, tí odò àfọwọ́gbẹ́ mìíràn gbà kọjá, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1811, gba abẹ́ òkè lọ ju kìlómítà 5. Kò sí ọ̀nà ẹṣin nínú rẹ̀. Láyé ìgbà náà, àwọn ọkùnrin á fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú òkùnkùn, wọ́n á máa fẹsẹ̀ rìn lára ògiri kí ọkọ̀ lè máa lọ.

Peckham tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí ní London náà ní odò àfọwọ́gbẹ́ tirẹ̀ nígbà kan, láti 1826. Wọ́n ti dí i pa. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó ti ẹ̀gbẹ́ ilé ìkàwé Peckham lọ sí Burgess Park, ojú odò gan-an ni.

Ṣé o mọ ẹni tó ń tọ́jú àwọn ilẹ̀kùn lọ́ọ̀kì? Igi óákù ni wọ́n fi ń ṣe wọ́n. Ní nǹkan bí ọdún 25, omi á ti jẹ ẹ́. Ní ibi iṣẹ́ tó wà ní Stanley Ferry àti Bradley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ṣì ń kan tuntun, wọ́n á sì wọn ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan mọ́ lọ́ọ̀kì tirẹ̀. Ìgbà òtútù ni wọ́n máa ń gbẹ omi inú lọ́ọ̀kì kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n á jẹ́ kí ará ìlú sọ̀kalẹ̀ wá wò ó. Lára òkúta nísàlẹ̀, ẹni tó bá fara balẹ̀ lè rí àmì kéékèèké tí àwọn agbẹ́kùúta gbẹ́ síbẹ̀ kí wọ́n lè mọ iṣẹ́ oníkálùkù, kí wọ́n sì sanwó rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà wọ́n á dá omi padà.