Kí Á Tó Lọ sí Ilẹ̀ Tí A Kò Mọ̀

Bí ènìyàn bá dúró ní Ìdúmọ̀tà, tí ó sì ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń kọjá pé níbo ni ilẹ̀ Bùlgáríà wà, a kò rò pé ẹni kan nínú mẹ́wàá yóò lè dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá gba Afárá Èkó kọjá lọ sí Ìgànmú yóò rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ní gbangba. Gbọ̀ngàn Ìṣeré ńlá tí ó rí bí fìlà ọ̀gágun, tí ìjọba fi sọrí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ní 2024, àwọn ará Bùlgáríà ni ó kọ́ ọ. Ilé kan ní Varna, ìlú wọn, ni wọ́n sì wò kọ́ ọ. Ó wà lára ibi tí a ti ṣe àjọ̀dún FESTAC ní 1977.

Gúúsù ìlà-oòrùn Yúróòpù ni ilẹ̀ náà wà, ní àríwá Gríìsì àti Tọ́kì. Sófíà ni olú ìlú rẹ̀. Lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ̀wé kì í ṣe irú tiwa, nítorí náà ọ̀mọ̀wé Èkó lè dé ibẹ̀ kí ó má lè ka pátákó ojú ọ̀nà. Bí wọ́n bá mi orí sí ọ̀tún àti òsì, ‘bẹ́ẹ̀ ni’ ni wọ́n ń wí. Bí wọ́n bá mì í sókè sísàlẹ̀, ‘rárá’ ni. Òtítọ́ ni àwọn àgbà sọ pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Àìmọ̀ báyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nígbà gbogbo. Lẹ́yìn òmìnira, ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Sófíà. Wọ́n fẹ́ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ìjọba ibẹ̀ kọ̀. Ní oṣù Èrèlé 1963 wọ́n wọ́de, ọlọ́pàá sì kọlù wọ́n; ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì fi ilẹ̀ náà sílẹ̀.

Ní oṣù Bélú 2019 ẹ̀wẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà méjì lọ díje nínú bọ́ọ̀lù orí tábìlì ní Pula, ní ilẹ̀ Kroatíà, tí òun náà wà ní agbègbè Balkan. Wọ́n ní físà, ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà wọn kò sí lára wọn nígbà tí ọlọ́pàá dá wọn dúró ní Zagreb. Wọ́n wí pé ńṣe ni a fi ipá lé wọn wọ Bósníà, ilẹ̀ tí wọn kò pinnu láti dé. Àgọ́ àwọn aṣíkiri ni wọ́n sì bá ara wọn. Àwọn ọlọ́pàá Kroatíà sẹ́.

A kò di ẹ̀bi ru àwọn ọ̀dọ́ náà. Ìwà àìtọ́ ni kí a lé ẹni tí ó gba àṣẹ wọlé. Ṣùgbọ́n àwa ará Èkó ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé jùlọ. Ní ọjọ́ Ẹ̀yọ̀, àlejò tí ó wọ bàtà tàbí tí ó ń fa sìgá kọjá ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ̀pámbàtà ni yóò fi mọ̀ pé èèwọ̀ ni. A kì í gba àwáwí pé kò mọ̀.

Ohun tí a ń retí lọ́wọ́ àlejò wa, ẹ jẹ́ kí á máa ṣe é ní ilé onílé. Kí arìnrìn-àjò béèrè òfin àti àṣà ibẹ̀ kí ó tó gbéra. Kí ìwé ìrìnnà rẹ̀ má kúrò lára rẹ̀. Kí ó mọ ibi tí aṣojú Nàìjíríà tí ó súnmọ́ ibẹ̀ jù wà. Ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ eré ìdárayá tí ń rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sókè òkun ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ fi nǹkan wọ̀nyí yé wọn, kí ọkọ̀ òfúrufú tó gbé wọn.