Pupa, Dúdú, Funfun: Ọgbà Ewé Kan ní Lugbe

Ohun tó kọ́kọ́ ń pe ojú nígbà tí a bá wọ géètì ni iṣápá pupa. Ó ga tó àyà àgbàlagbà, ọ̀pá rẹ̀ pọ́n, ìgbá òdòdó rẹ̀ pọ́n fòò, ewúro tó dúdú minimini sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí aṣọ tí ayàwòrán ń ta sẹ́yìn ìyàwó. Ìparí oṣù Kẹwàá ni. Inú ẹsiteeti FHA ní Lugbe la wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà tó lọ sí pápákọ̀ òfurufú Nnamdi Azikiwe, bàálù sì ń fò kọjá lókè orí wa.

Ìyá tó ni ọgbà náà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń mú mi kiri. Mo béèrè ìdí tí wọn kò fi gbin iṣápá sétí ọ̀nà, níbi tí àyè ti pọ̀.

“Ọmọ mi, pupa lórí pupa, ta ló máa rí i?” Wọ́n fi bàtà ha ilẹ̀ kí n lè rí i. Ilẹ̀ Lugbe pọ́n lóòótọ́. Bí òjò bá rọ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ bàtà, bí ọyẹ́ bá dé, ó ń di eruku lórí gbogbo ewé.

Ẹni tó ń gbin òdòdó lè fi òdòdó nìkan ṣe àwọ̀. Ọgbà ewé kò rí bẹ́ẹ̀, torí ewé là ń já níbẹ̀. Efinrin tó bá ti yọ òdòdó, ewé rẹ̀ á kéré, á sì le, ìdí nìyẹn tí Màmá fi ń fi èékánná já orí efinrin wọn dànù bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Ewé, ọ̀pá àti ìgbá ni wọ́n fi ṣètò àwọ̀, wọ́n sì pín ọgbà sí mẹ́ta bí àwọn baba wa ti ń pín àwọ̀: pupa, dúdú, funfun.

Ti pupa ló ní wàhálà jù. Iṣápá kì í yọ òdòdó àfi bí ọ̀sán bá ti ń kúrú. Èyí tí wọ́n gbìn lóṣù Kẹfà kàn ń ga ṣáá ni, oṣù Kẹwàá ló tó pọ́n dáadáa, bí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ìgbà náà ni ìgbá tí wọ́n fi ń ṣe sóbò á jáde. Kí ibẹ̀ má bàa ṣófo kó tó dìgbà yẹn, tẹ̀tẹ̀ pupa ni wọ́n ń fọ́n síwájú rẹ̀. Ibi tí òòrùn ti ń mú gan-an ni wọ́n gbin méjèèjì sí. Lábẹ́ òjìji, pupa wọn á ṣá.

Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni dúdú wà, òun ló sì dára jù lójú tèmi. Dúdú rẹ̀ kò dọ́gba. Ewúro ṣú, ewé tíì ní àwọ̀ eérú díẹ̀, rinrin tó hù fúnra rẹ̀ lẹ́bàá ẹ̀rọ omi sì ń dán, ọ̀pá rẹ̀ mọ́ gaara. Kò sí èyí tí wọ́n gbìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gertrude Jekyll, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó kọ ìwé lórí àwọ̀ nínú ọgbà òdòdó ní 1908, ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà: ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ló ń gbìn. Ayàwòrán ni tẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì ríran dáadáa.

Ata ilẹ̀ pupa wà láàárín àwọn ewé dúdú yìí, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, àwọ̀ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbìn ín sì wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Lásìkò ọyẹ́ ewé náà á kú, wọ́n á wú u, wọ́n á sì gbé ìkòkò àbámodá sí ojú ihò, torí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àbámodá ń yọ òdòdó.

Funfun sún mọ́ fàráńdà. Ní Sissinghurst, ní Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òǹkọ̀wé Vita Sackville-West ya apá kan ọgbà rẹ̀ sọ́tọ̀ fún òdòdó funfun àti ewé aláwọ̀ eérú. Etí erin ló wà níbí, pẹ̀lú igi ewúro kan tí wọn kì í já. Ewúro tí a kò bá já á yọ òdòdó funfun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èéṣe tó fi jẹ́ ẹ̀bá fàráńdà?

“Ìrọ̀lẹ́ là ń jókòó síbí, iná kì í sì í sí. Funfun ló ń pẹ́ lójú.”

Ohun kan ṣoṣo ni n kò fara mọ́: táyà àlòkù tí wọ́n kùn ní ọ̀dà yẹ́lò, tí wọ́n gbin efinrin sínú rẹ̀. Ọ̀dà náà pa ewé yẹn lójú pátápátá. Mo sọ ọ́, mo sì ní, “Ẹ má bínú, Mà.” Àwọn ọmọ-ọmọ wọn ló kùn ún. Màmá ní àwọn á tún un kùn ní dúdú nígbà tí òjò bá tún dé, bí àwọn tó ni ín bá gbà.